Ọmọlangidi Ló Wà Nídìí Sítíárìn Lọ́jọ́ tí Màmá Dúró-ná Kú

Màmá Dúró-ná ti kú. Ọkọ̀ ló pa á láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, lójú ìlà funfun tó wà níwájú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń dá ọkọ̀ dúró fún àwọn ọmọ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ẹni tó wà nídìí sítíárìn ọkọ̀ náà kò fara pa. Kò sá lọ. Kò mutí yó. Kò sùn lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ó ṣì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú táì àti fìlà rẹ̀, ó ń mi orí sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọlangidi ni.

Ẹ má wulẹ̀ padà sókè lọ tún un kà. Ohun tí ẹ kà náà ni mo kọ. Èmi náà ti kọ ọ́, mo ti pa á rẹ́, mo ti tún un kọ, ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, inú sì ń bí mi débi pé bírò ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Òfin wa sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ọkọ̀ pa èèyàn gbọ́dọ̀ wá dáhùn ní kóòtù. Òfin kan náà sọ pé tí ó bá pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí kò sí orúkọ awakọ̀ nínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n ti fáìlì náà pa, kí wọ́n má sì ṣí i mọ́ láéláé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé. Àyè orúkọ awakọ̀ ṣì ṣófo. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kò béèrè ju pé kí orúkọ èèyàn kan, èèyàn tó ń mí, wà níbẹ̀ kí ọjọ́ náà tó parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí a pàdánù fún yín. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó kúrú, ohùn rẹ̀ sì ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún rẹ̀. Pátákó pupa roboto kan, tó ní igi gígùn nídìí, kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti gbé e sókè, tó sì ti pariwo pé "Dúró ná!", kò sí ohun tó ní táyà tí kì í dúró. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ọmọ tèmi náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá fún ọdún mẹ́fà gbáko, mi ò sì ronú lẹ́ẹ̀kan rí pé nǹkan lè ṣe é lójú títì yẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó dá ọkọ̀ tó gbé òkú dúró. Awakọ̀ yọrí síta: "Màmá, òkú la gbé o!"

Màmá wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó wo àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú bí ìlẹ̀kẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àmúmọ́ra," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ gbé yẹn kò kánjú mọ́. Àwọn tèmi yìí ni aago ń lé."

Àwọn ọmọ olóògbé tó wà nínú ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n padà wá kí i lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní òun nìkan ló pa àwọn lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní tó fi ń ṣiṣẹ́. Ojú ló ń wò. "Ọkọ̀ kì í ríran," ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ. "Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń ríran. Tí kò bá tíì rí yín, ẹ ò tíì lè sọdá." Kì í gbẹ́sẹ̀ kúrò létí títì àfi tí awakọ̀ bá wò ó lójú, tó sì mi orí. Á kí i: "Ẹ káàárọ̀ o!" Á sì dúró de ìdáhùn. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù, á na pátákó sí i: "Bọ̀dá, mo kí yín o! Ṣé ẹnu ló ń dùn yín ni?" Àwọn èèyàn ńláńlá ti sọ gíláàsì ọkọ̀ wọn kalẹ̀ níwájú iléèwé yẹn, tí wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin tí kò ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọkọ̀ kankan kò fara kan ọmọ kankan níbẹ̀. Kò sí kámẹ́rà. Kò sí kọ̀ǹpútà. Ó ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn, ó tán.

Àfi ìgbà tí àwọn ọkọ̀ tó ń wa ara wọn dé. Funfun ni wọ́n, wọ́n ń dán, wọn kì í fọn fèrè, àyè awakọ̀ wọn sì ṣófo gbáú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màmá wo inú ọ̀kan, kò rí ojú kankan, ó ní kí àwọn ọmọ dúró. Ọkọ̀ náà rí àwọn ọmọ létí títì, òun náà dúró. Màmá ń retí kí ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ ń retí kí Màmá sọdá.

"Máa lọ!" ni Màmá wí.

Ọkọ̀ kò kúrò lójú kan.

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní kó o máa lọ! Ta ló ni ẹ́ gan-an?"

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi wo ara wọn. Ọkọ̀ méjìlélógún tò sẹ́yìn. Oníbúrẹ́dì kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó bẹ Màmá, Màmá kọ̀. Ó lọ bẹ ọkọ̀ náà. Mo wà níbẹ̀, mo rí i: ọkùnrin tó dàgbà dáadáa ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì bíi pé ẹṣin ni, ó ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, má bínú sí màmá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe." Aago mẹ́jọ ti kọjá kí àwọn ọmọ tó dé kíláàsì. Inú wọn dùn kọjá ààlà.

Nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀gá iléèwé kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe. Àwọn èrò ọkọ̀ pàápàá ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀ pé àyà àwọn ń já tí àwọn bá rí àyè awakọ̀ tó ṣófo. Iléeṣẹ́ náà jókòó, wọ́n ronú. Ẹ fojú inú wo ìpàdé yẹn: tábìlì gígùn, omi tútù, àwọn ọlọ́pọlọ pípé. Ṣé wọ́n kọ́ ọkọ̀ wọn bí yóò ṣe máa fún ẹni tó wà létí títì lésì? Ṣé wọ́n fi iná kan síwájú rẹ̀, tí yóò máa sọ pé "mo ti rí yín"? Rárá. Wọ́n ra ọmọlangidi tó tóbi tó èèyàn. Wọ́n wọ táì fún un, wọ́n dé fìlà fún un, wọ́n fi sípíríǹgì sí i lọ́rùn, kó lè máa mi orí tí ọkọ̀ bá ti rọra. Nínú ìwé wọn, "ohun ìfọ̀kànbalẹ̀" ni wọ́n pè é. Àwọn ọmọ iléèwé sọ ọ́ ní Bọ̀dá Mirí.

Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ rí Bọ̀dá Mirí, ó délé pẹ̀lú ayọ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ atúnagogoṣe títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ló sọ ọ́ fún mi.

"Bàbá, wọ́n ti fi èèyàn sí i o!"

"Sí kí ni?"

"Sí ọkọ̀ funfun yẹn! Ọmọlúàbí sì ni. Mo kí i, ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò dà bí àwọn tó ń tẹ fóònù."

"Ṣé ó lẹ́wà?"

"Ó lẹ́wà díẹ̀. Àmọ́ kì í rẹ́rìn-ín."

"Ẹ jẹ́ kó máa bá tiẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín sí yín, èmi àti òun á jọ sọ ọ́."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọlangidi ni. A rò pé Màmá mọ̀. Àwọn ọmọ rò pé ó ń bá àwọn ṣeré ni, àwa òbí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kí ọmọlangidi "ẹ káàárọ̀". Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ibi tí màá gbé ẹ̀rín yẹn sí báyìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nǹkan fi lọ déédéé, nítorí pé ọkọ̀ náà ń rí àwọn ọmọ létí títì, ó sì ń dúró fún wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Màmá ti mú ọ̀wọ́ kan sọdá, ó wá kù ú kó padà sí òdìkejì, òun nìkan. Ó gbé pátákó rẹ̀ sókè, iwájú pátákó kọjú sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti apá òsì, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ọkọ̀ funfun tó ń bọ̀ láti apá ọ̀tún. Omi wà lójú títì, ọkọ̀ funfun rọra díẹ̀ nítorí omi náà. Ọrùn sípíríǹgì mì. Bọ̀dá Mirí mi orí. Olùkọ́ tó wà lẹ́nu géètì gbọ́ nígbà tí Màmá sọ pé, "O ṣeun o, ọmọ mi." Ó gbẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ kò dúró.

Ohun tí ọkọ̀ náà rí wà nínú ìròyìn tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ. Ó rí igi gígùn, ó rí ohun roboto lórí igi. Ó kà á sí pátákó ojú pópó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tó kọjú sí àwọn ọkọ̀ mìíràn, tí kò kan òun. Pátákó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọkọ̀ náà rí i pé ó ń rìn! Ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìrántí rẹ̀. Nígbà tó sì ti jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ pé pátákó kì í rìn, ó pinnu pé ojú òun ló ṣe àṣìṣe, ó sì tún ojú ara rẹ̀ ṣe.

Màmá ka ọmọlangidi sí èèyàn. Ọkọ̀ ka èèyàn sí pátákó. Ẹni tó ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́ ti wà nínú ilẹ̀. Èyí tó ṣe ìkejì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ti kùn ún lọ́dà tuntun.

Lọ́jọ́ karùn-ún, lẹ́tà dé ilé olóògbé. Olóògbé gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọkọ rẹ̀ fi awò tó fi ń wo inú aago kà á: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a ṣàkíyèsí pé ẹ ṣalábàápàdé ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wa láìpẹ́ yìí. Báwo ló ṣe rí lára yín? Ẹ fún wa ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún." Bàbá ní òun kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn pé ìràwọ̀ mẹ́rin, torí ìyàwó òun kì í fún ẹnikẹ́ni ní márùn-ún.

Ẹ tẹ̀ lé mi dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọbìnrin Màmá, tó ń ránṣọ fún àwọn obìnrin, ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Sájẹ́ǹtì tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ rẹ̀ méjì ni Màmá ń mú sọdá.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Àyè yìí ló ń dà mí láàmú. 'Orúkọ awakọ̀.' Tí mi ò bá kọ nǹkan síbẹ̀, kò ní jẹ́ kí n fi fáìlì ránṣẹ́ sí kóòtù."

"Ẹ kọ 'Kò Sí'."

Ó kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà dún pìì. Sájẹ́ǹtì sún mọ́ ọn. "Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Kò Sí ti ní ẹjọ́ mẹ́ta nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ṣé òun náà tún ni?"

"Ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà?"

"Ìyá àgbà kan, ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó ń hun súwẹ́tà. Mi ò lè gbé èèyàn lọ sí kóòtù torí pé ó ń hun súwẹ́tà."

"Ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́ nígbà náà."

"Iléeṣẹ́ ò ní láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, àǹtí."

"Ọmọlangidi yẹn ní?"

Sájẹ́ǹtì wò ó. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀. Ó wá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Ọ-M-Ọ-L-A-N-G-I-D-I. Kọ̀ǹpútà gbà á wọlé láìjanpata. Ó ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ àdírẹ́sì. Ó béèrè bóyá ó ti gbéyàwó.

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn ọlọ́pàá fi wá láti yàrá kejì láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni aránṣọ yìí tó mọ̀ pé òun ti ń sunkún láti àárín rẹ̀.

"Ẹ pa á rẹ́, sájẹ́ǹtì," ló wí. "Èèyàn ló pa ìyá mi. Mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn ni."

Ó ti wá a kiri. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ní àwọn ṣe ara rẹ̀ ni, àwọn ò ṣe ọpọlọ rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọpọlọ ní ohun tí ojú bá mú wá ni ọpọlọ ń rò. Àwọn tó ṣe ojú rẹ̀ gberaga sí i: "Ojú tiwa rí màmá yín dáadáa! Ẹ wá wo àwòrán, ẹ wò ó bó ṣe mọ́ kedere!" Wọ́n fẹ́ fún un ní ẹ̀dà kan, kó gbé e kọ́ sára ògiri. Lọ́yà iléeṣẹ́ ní lójú òfin, èèyàn tó wà nídìí sítíárìn ló ń jẹ́ awakọ̀, èèyàn ò sì sí níbẹ̀. "Kí ló wá wà níbẹ̀?" "Ohun ọ̀ṣọ́, madam."

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sílé wá tọrọ àforíjì. Ẹ lè gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ta ọmọlangidi náà ni! Ọkùnrin tó ń ta ère tí àwọn aránṣọ fi ń gbé aṣọ kọ́. Ó jókòó sórí àga, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni wọ́n fẹ́ ṣí," ló ń tún sọ. Ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n pe òun ní ẹlẹ́rìí nígbàkigbà. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹni tó ta èèyàn onírọ́bà nìkan ló hùwà bí èèyàn.

Ọ́fíìsì tó fún àwọn ọkọ̀ náà láṣẹ láti máa rìn ńkọ́? Wọ́n ní ohun gbogbo wà létòlétò, nítorí pé iléeṣẹ́ náà ti fọwọ́ sí ìwé pé òun ti yẹ ara òun wò, òun sì ti yege. Ẹ gbọ́ ná, ta ló máa ń máàkì ìwé ìdánwò ara rẹ̀ tó máa fìdí rẹmi? Mo gba ìwé ìdánwò náà, mo kà á tán. Ìdánwò méjìlélógójì. Wọ́n fi ọmọlangidi ṣe gbogbo rẹ̀: ọmọlangidi tó ń sọdá, ọmọlangidi tó gbé báàgì, ọmọlangidi lórí kẹ̀kẹ́, ọmọlangidi tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Èyí tó gbé pátákó lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó máa gba iwájú iléèwé kọjá! Ọmọlangidi ń wakọ̀, ọmọlangidi ń sọdá. Níbo ni èèyàn wà nínú ìdánwò náà? Ó wà ní ọ́fíìsì, ó ń buwọ́ lùwé.

Mi ò kórìíra ẹ̀rọ. Mo ti kà nípa iye èèyàn tí àwọn awakọ̀ tó ní ẹran ara ń pa lọ́dọọdún, ó sì pọ̀ débi tí mo fi ń bi ara mi bóyá àwọn ẹ̀rọ yìí kò ní sàn jù wá lọ lọ́jọ́ kan. Ó ṣeé ṣe. Bóyá ọmọ ọmọ mi yóò máa rẹ́rìn-ín pé a gbé ẹ̀mí wa lé ọwọ́ àwọn tó ń tẹ fóònù. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá pa èèyàn lónìí, a mọ ilé rẹ̀, a mọ orúkọ rẹ̀, adájọ́ lè wò ó lójú. Ṣé torí pé ọkọ̀ gbọ́n ju awakọ̀ lọ ni a ṣe gbà pé kí ẹni tó ni ín má ṣe dáhùn fún nǹkan kan?

Ìgbìmọ̀ ìlú pèpàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Alága ní ìṣẹ́jú méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ọkọ Màmá dìde, ó yọ aago ọwọ́ àtijọ́ kan lápò, ó fi ọ̀bẹ kékeré ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ̀lú bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, ó lo ìdajì àsìkò rẹ̀ lórí ìyẹn nìkan.

"Ẹ wo ibí," ló wí. "Gbogbo atúnagogoṣe tó bá ṣí aago, á fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìdérí, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú eléyìí. Ẹni tó ni aago kì í rí i. Ṣùgbọ́n tí aago bá bàjẹ́, a mọ ẹni tá a máa lọ bá. Aago ni o! Tó bá ṣi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í pa ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún mi, orúkọ ta ló wà nínú ọkọ̀ tó pa ìyàwó mi?"

"Bàbá, àsìkò yín ti tán," ni alága wí.

"Mo mọ̀," ni Bàbá dáhùn. "Èmi ni mo tún aago tó wà lógiri yín yẹn ṣe. Orúkọ mi wà nínú rẹ̀."

Gbọ̀ngàn náà hó yèè. Alága mu omi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, kí kálukú gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tó bá fi ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ sójú títì, òun ni awakọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iléeṣẹ́ kankan yẹ ara rẹ̀ wò mọ́. Ẹ rán àwọn tí wọ́n ń sọdá títì lóòótọ́ lọ, kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin iléeṣẹ́, ẹ kó àwọn ọmọlangidi yín kúrò nínú ọkọ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la, nítorí wọ́n ń purọ́ fún ẹni tó wà létí títì. Títí ẹ ó fi parí ìyẹn, kí ọkọ̀ yín kankan má gba iwájú iléèwé kọjá.

Ìwọ tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tí ọ́fíìsì fi gbà kí àwọn ọkọ̀ náà máa rìn, ọ̀rọ̀ yìí kan ìwọ náà. Mo rí ìfọwọ́sí rẹ lábẹ́ ìwé náà, ó lọ́ bí ekòló, mi ò lè ka lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló kọ ọ́, kò sí ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé burúkú tó bẹ́ẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá máa ń ṣí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Sájẹ́ǹtì ní òun máa tètè dé. Aránṣọ náà máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀, èmi náà á sì wà níbẹ̀. Ìwọ àti àwọn ọ̀gá tó rán ọ níṣẹ́, ẹ mú orúkọ yín wá.